Ẹsẹ̀ Òsì Tí Ẹ̀rọ Ò Rí

"Bàbá, ẹ ò ní ẹsẹ̀ òsì."

Akọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣí.

Bàbá Léfì-Ráìtì wo ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ẹsẹ̀ òsì. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n dúró gbọn-in.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ò ní ẹsẹ̀ òsì, sà. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nìyẹn. Wọ́n ti gé e lójú ogun."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé náà sókè, ó fi lu ilẹ̀.

Gbì!

Ife tíì orí tábìlì akọ̀wé fò. Ìkókó tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ta jí, ó figbe ta: "Wàá!"

"Èyí tó dún yìí ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ bàbá ẹ ni?"

"Bàbá, èmi rí i o. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Ẹ̀rọ ni ò rí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Bàbá Léfì-Ráìtì fún yín. Sójà àtijọ́ ni. Láti ìgbà tí ogun ti parí, kò rìn bí èèyàn mọ́, yíyan ló ń yan. Bó bá ń lọ ra ọṣẹ, léfì-ráìtì. Bó bá ń lọ sílé ìwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, léfì-ráìtì. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Òun gan-an, olórí léfì, ni wọ́n wá ń sọ fún pé ráìtì nìkan ló kù ú kù!

Ẹni tó mú un wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà ni aya ọmọ rẹ̀, Ìyá Ìkókó. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ló bá ní, "Jọ̀ọ́, tẹ̀lé Bàbá, kó má lọ bá wọn jà." Obìnrin yìí, àyà jíjá niṣẹ́ ẹ̀. Bí ìkókó bá sín, àyà rẹ̀ á já. Bí ìkókó ò bá sín, àyà rẹ̀ á tún já pé kí ló dé tí ò sín. Bó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ wò ó bóyá ó tì í. Bó bá rí i pé ó tì í, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá òun ti ẹnì kan mọ́lé.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gígé, ó sún mọ́ fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ gé e báyìí, kó lè bá ti inú ẹ̀rọ mu?"

Akọ̀wé kọ́kọ́ ronú. Ríronú yẹn gan-an ló fẹ́ pa obìnrin náà.

"Rárá o, ìyàwó," ó ní. "Ẹ̀ka tiwa kọ́ ló ń ṣe ìyẹn."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín o!

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Mẹ́dà ni. Ìjọba ní kí gbogbo sójà àtijọ́ tó jagun etí odò, tí wọn ò tíì fún, wá gba mẹ́dà akin, irin àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò so ó mọ́ wọn láyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Bàbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ kan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá wá gba mẹ́dà ẹlẹ́sẹ̀ kan, gbájú-ẹ̀ ni. Tí wọn ò bá rí àkọsílẹ̀ náà tún ṣe kó tó di Jímọ̀, mẹ́dà á padà sínú àpótí, àpótí á padà sínú ọkọ̀, ó parí.

Kì í sì í ṣe pé Bàbá fẹ́ràn irin bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni Kúùkù.

Kúùkù ló ń se oúnjẹ fún wọn lógun. Ó ń gbé ní òdìkejì títì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá. Wọ́n ti fún un ní mẹ́dà tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni àdúgbò ò ti sinmi. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ da ilẹ̀ nù. Wọ́n ní ó ń so ó mọ́ ẹ̀wù àwọ̀sùn. Láràárọ̀ ló ń gba abẹ́ fèrèsé Bàbá kọjá, mẹ́dà á máa dún lórí bọ́tìnnì rẹ̀:

Jìngín! Jìngín! Jìngín!

"Léfì-Ráìtì! Tìẹ dà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà!"

"Ṣé ó ń rá bọ̀ ni?"

Bàbá á fi ọ̀bẹ lu abọ́ oúnjẹ, á ní òun ò jẹun mọ́. Aya ọmọ rẹ̀ á gbé oúnjẹ náà kúrò, àyà rẹ̀ á já pé baba ọkọ òun ń rù. Bó ṣe rí nìyẹn títí ìwé ìjọba fi dé. Ẹ̀yin náà ẹ wá rò ó: kí mẹ́dà dé ẹnu ọ̀nà tán, kí ẹsẹ̀ wá dí i lọ́nà!

"Ẹ lọ gba ìwé dókítà wá," akọ̀wé wí, "pé ẹsẹ̀ náà wà."

Wọ́n lọ. Dókítà ní kí Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa mì. Ó mú òòlù kékeré kan, ó fi kan orúnkún òsì.

Pẹ́!

Ẹsẹ̀ fò bí ìbọn. Fìì! Ó gbá garawa ìdọ̀tí, garawa gbá ìwọ̀n, ìwọ̀n gbá ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọlé yí padà, ó ní òun á tún padà wá.

Dókítà wá awò ojú rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ̀ ọ́, ó kọ̀wé pé: "Ẹsẹ̀ òsì wà. Ó wà ju bó ṣe yẹ lọ."

Wọ́n gbé e padà fún akọ̀wé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí.

"Dókítà ní ó wà lónìí. Kò sọ pé ó wà nígbà yẹn."

"Ṣé ẹsẹ̀ a máa hù ni?" Bàbá pariwo. "Ṣé àgbàdo ni?"

"Bàbá, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ní wọ́n gé e. Ẹni tó bá yín jagun ló lè wá jẹ́rìí pé wọn ò gé e. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ṣì wà nítòsí?"

Ìyá Ìkókó wo Bàbá. Ìkókó pàápàá yọ orí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó wo Bàbá.

"Bàbá," obìnrin náà rọra ní, "Kúùkù ńkọ́?"

Bàbá gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé etí tábìlì akọ̀wé, pàà!

"Ẹ gé e."

"Bàbá!"

"Mo ní ẹ gé e! Ó tán! Ẹ wá ayùn wá!"

Ẹ ò mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀wà ni. Alẹ́ tó gbẹ̀yìn ní etí odò yẹn, Kúùkù se ẹ̀wà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé, kò sí ilé onígbàjámọ̀, kò sí ìjókòó tí Bàbá kì í ti í sọ ọ́: "Ọta ìbọn ò rí mi pa, ẹ̀wà Kúùkù ló kù díẹ̀ kó pa mí! Ó jóná débi pé àwọn ọ̀tá gbọ́ òórùn rẹ̀ lódìkejì odò, wọ́n ní àwọn ò bá irú èèyàn báyìí jà!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kúùkù á dìde: "Kò jóná!" "Ó jóná!" "Kò jóná, òpùrọ́!" Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ débi pé ó bá irun lórí àwọn méjèèjì, irun náà sì ti re dànù.

Ni Ìyá Ìkókó bá sọdá títì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bá Kúùkù níbi tó ti ń fi ọṣẹ ìfọyín nu mẹ́dà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run. Wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì Bàbá wa ò sí."

Ìfọyín bọ́ lọ́wọ́ Kúùkù. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bíi ti ẹni tó gbọ́ ìró gbèsè àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kíá ló tún ara ṣe.

"Òun ló ní kóo wá?"

"Rárá sà. Òun ní kí wọ́n gé e."

"Orí kunkun ẹ̀ ò lọ." Ó fẹ́ èémí sára mẹ́dà, hàà, ó nù ún. "Ìyàwó wa, dìde nílẹ̀ tútù, o gbọ́mọ pọ̀n. Màá jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, níwájú akọ̀wé, níwájú òǹtẹ̀ ìjọba, pé ẹ̀wà mi ò jóná."

Ìyá Ìkókó gbé iṣẹ́ náà délé. Bàbá ní kàkà kí òun sọ ọ́, òun á kúkú máa fi ẹsẹ̀ kan fò lọ́nà títí òun á fi kú.

"Bàbá," obìnrin náà ní, omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, "ẹ̀wà náà ti wọ ikùn, ó ti jáde, ó ti di ìtàn. Mẹ́dà ló kù. Ọ̀la sì ni wọ́n ń ti ìwé pa."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí fèrèsé.

Ìyẹn gan-an ni ìgbà tí nǹkan kan kọjá nísàlẹ̀.

Jìngín. Jìngín. Jìngín.

Bàbá pa ojú dé.

"Gbé bàtà mi wá."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta dúró níwájú fèrèsé, ìkókó ni ìkẹrin wọn. Èrò kún ẹ̀yìn wọn lórí ìlà. Kúùkù ti fá irùngbọ̀n, mẹ́dà ń tàn yanranyanran láyà rẹ̀.

"Ó yá," ó ní. "Sọ ọ́."

"Ẹ̀wà náà..." Bàbá bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ̀wà náà kò..." Iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn ìsáṣọ. Òógùn bò ó. Obìnrin kan lórí ìlà ní, "Ẹ ní sùúrù fún un, ó fẹ́ bímọ."

"Ẹ̀WÀ NÁÀ KÒ JÓNÁ!"

Gbogbo ìlà pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ ẹ̀wà wo ni, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Kúùkù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú.

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Ọkàn mi balẹ̀. Òótọ́ lo sọ, ẹ̀wà náà ò jóná rárá." Ó fọn imú, fẹ̀ẹ̀. "Bàtà ẹ ló jóná."

Gbogbo ìlà na ọrùn síwájú.

"Bàtà ta ni?"

"Tìẹ. Ti òsì."

Kúùkù wo ilẹ̀, ó wo òkè, kò rí ibi tó máa sá sí, ló bá sọ ọ́.

"Ibi tí a pàgọ́ sí yẹn, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Òkúta méjì péré ni mo rí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìkòkò kì í jókòó lórí méjì. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí bàtà Léfì-Ráìtì níbi tó sá a sí kó lè gbẹ. Mo rọ erùpẹ̀ kún ọ̀kan, mo tì í sábẹ́ ìkòkò. Ó jókòó dáadáa! Òórùn tó ń gbọ́ nínú ẹ̀wà láti ọjọ́ yìí, awọ ni."

"Bàtà mi!" Ohùn Bàbá di ti ọmọ kékeré. "Mo wá bàtà yẹn bí ẹni ń wá ọmọ! Mo fi bàtà kan ṣoṣo rìn délé! Ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Èkejì dà?' Mo ní ọ̀tá ló jà á gbà lọ́wọ́ mi!"

"Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná." Akọ̀wé ti yọ orí jáde láti inú fèrèsé. "Báwo ni bàtà tó jóná ṣe di ẹsẹ̀ tí wọ́n gé?"

Kúùkù fi ọwọ́ bo mẹ́dà rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́.

"Nígbà tí ìbọn dún láfẹ̀mọ́jú, gbogbo wa bẹ́ sódò. Ìkòkò dojú dé. Eegun màlúù ńlá kan wà nínú ẹ̀ tí mo ti fi pamọ́ sísàlẹ̀ fún ara mi. Eegun náà já sínú bàtà, ó dúró ṣánṣán. Ìgbà tí wọ́n kó wa padà wá palẹ̀ ibùdó mọ́, kí ni wọ́n rí? Bàtà tó jóná. Nọ́ńbà Léfì-Ráìtì nínú ẹ̀. Eegun nínú bàtà. Léfì-Ráìtì fúnra ẹ̀, odò ti gbé e lọ jìnnà."

"O ò sì sọ fún wọn?" Ìyá Ìkókó kígbe.

"Ìyàwó wa, kí n ní kí ni? Kí wọ́n bi mí pé ta ló fi bàtà ìjọba dáná? Wọ́n ní ẹsẹ̀ akin ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ti lọ, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sin ín. Wọ́n yìnbọn sókè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ogun parí, kálukú gbalé lọ, ẹnikẹ́ni ò bi ẹsẹ̀ léèrè mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sunkún níbi ìsìnkú yẹn o."

Ọkàn Bàbá rọ̀ díẹ̀. "O sunkún tìtorí mi?"

"Tìtorí eegun. Mùdùnmúdùn ṣì wà nínú ẹ̀."

Háà! Ẹ dì mí mú!

Bàbá fo bẹ́ǹṣì bí ẹni ogún ọdún. Kúùkù ti sá! Wọ́n yí tábìlì po, wọ́n yí ìlà po, gbì-gbà, gbì-gbà, jìngín-jìngín! Ẹni tó ń sá kò rí ibi fara pamọ́ sí. Bó bá sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, jìngín! Bó bá sá sẹ́yìn obìnrin tó sanra kan, jìngín! Mẹ́dà akin ń tú u fó! Ìyá Ìkókó ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ìkókó ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

Akọ̀wé gun orí àga.

"Mo rí i!" ó pariwo. "Ẹsẹ̀ òsì ń ṣiṣẹ́! Ó ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀tún lọ! Ó tó, Bàbá, ó tó! Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ!"

Bàbá dúró lójú kan náà. Kúùkù wọ́ jáde lábẹ́ tábìlì.

Akọ̀wé jókòó, ó tẹ ẹ̀rọ, tẹ́-tẹ́-tẹ́. Lójijì, ó dáwọ́ dúró, ó họ orí.

"Ẹ̀rọ ń béèrè pé ibo ni ẹsẹ̀ náà ti wá."

"Inú ìyá mi!"

"Ìyẹn ò sí níbí, sà. Ohun tó wà níbí ni: ìjọba ló fún un, àbí òun fúnra rẹ̀ ló rà á."

Àyà Ìyá Ìkókó já. Bí wọ́n bá ní Bàbá rà á, wọ́n á ní kó mú rìsíìtì wá. Ibo ni wọ́n ti máa rí rìsíìtì ẹsẹ̀? Ta ni wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá tún ní olè ló jí i ńkọ́?

"Ìjọba!" ó kígbe. "Ẹ tẹ ìjọba, ọ̀gá! Ìjọba ò ní bínú!"

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dún, pín-ín! Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbàà! Ẹsẹ̀ òsì padà wáyé.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n to àga síta níwájú ọ́fíìsì, àwọn sójà àtijọ́ jókòó. Ọ̀gágun pe orúkọ Bàbá, Bàbá sì yan lọ, léfì-ráìtì, léfì-ráìtì, àyà rẹ̀ yọ síwájú bíi ti àdàbà. Ọ̀gágun so mẹ́dà mọ́ ọn. Bàbá mi ara rẹ̀ díẹ̀ kó lè gbọ́ ọ.

Jìngín.

Ó bojú wẹ̀yìn wo Kúùkù. Kúùkù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n sójà ọ̀dọ́ kan tún gbé páálí gígùn kan wá, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá.

"Kí lèyí?"

"Ẹrù yín láti ilé ìkẹ́rù ìjọba, sà."

Ìyá Ìkókó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ má ṣí i o. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n sin."

Bàbá ṣí i.

Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ òsì. Tuntun. Igi dáadáa, wọ́n fi ọ̀dà pa á títí ó fi ń dán. Ẹ ṣáà ti gbọ́ pé ìjọba ló fún un! Ẹ̀rọ ti sọ fún ilé ìkẹ́rù, ilé ìkẹ́rù sì ti fi ránṣẹ́. Bàtà sójà tuntun kan sì wà lẹ́sẹ̀ igi náà, okùn rẹ̀ ti wà ní dídì.

Bàtà òsì.

Bàbá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, níwájú ọ̀gágun, ó tú okùn, ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ igi, ó tì í bọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dìde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbì!

"Ó bá mi mu," ó ní. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Kúùkù, wò ó. Bàtà mi ti dé."

"Mo rí i," Kúùkù ní jẹ́jẹ́. "Ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Akọ̀wé ti ń sáré bọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré lábẹ́ apá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọwọ́ bọ̀wé níbí pé ẹsẹ̀ ti tẹ̀ yín lọ́wọ́."

Bàbá tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀rọ dún, pín-ín! Akọ̀wé wo ojú ẹ̀rọ. Ó tún wò ó.

"Kí ló tún dé?" Ìyá Ìkókó bi í, ọwọ́ ti wà láyà rẹ̀. "Ṣé ó tún ti lọ ni?"

"Rárá, ìyàwó. Kò lọ." Akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ̀rọ ti fi tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ẹsẹ̀ Bàbá ti di mẹ́ta."

Kúùkù fò dìde lórí àga, jìngín!

"Mẹ́ta kẹ̀? Ìyàwó wa, sáré lọ gbé ìkòkò ẹ̀wà wá! Ààrò ti pé!"